Mọ́tò Kì Í Múra fún Fọ́tò

Ẹ mú fọ́tò ìrìn-àjò ẹbí yín kan tó ti pẹ́ dáadáa jáde, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló ti múra. Bàbá ti fa ikùn wọlé, màmá ti tún ọrùn aṣọ ọmọ ṣe, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé ẹni tó bá mira yóò rí i, ẹnì kan tí inú ń bí bọ̀ láti àárọ̀ sì ti wá ẹ̀rín kan gbé sẹ́nu. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ya òun. Eruku ojú ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹrù tó pọ̀ jù ti tẹ ìdí rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ti yí gíláàsì apá kan sílẹ̀ nítorí ooru, etí aṣọ kan sì há sẹ́nu ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò rántí fà wọlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, mo sì ti wá gbà pé nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ̀rí mọ́tò ló ṣe é gbára lé jù.

Fọ́tò ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ mọ́tò, kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tí àpótí fọ́tò àwọn òbí mi dọ́wọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni pé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ṣófo. Kò sí orúkọ, kò sí ọdún, kò sí ibi tí wọ́n ti yà á. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tó máa dì í mú kò ní mọ ẹni tó dúró láàrin. Àwọn tí mo sì lè bi ń dín kù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn nìyẹn: òpó iná, bàtà, òrùlé ilé, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, mọ́tò.

Fọ́tò kan wà tó fa ọ̀rọ̀ láàrin àwọn àgbà ilé wa. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Bàbá bàbá mi dúró ti Volkswagen ìjàpá kan, ó fọwọ́ lé òrùlé rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀ àgbà. Àbúrò bàbá mi kan jókòó sórí bọ́ńpà iwájú. Bàbá mi fúnra rẹ̀ wà lápá òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín tí n kì bá dá mọ̀ bí kò bá ṣe ti etí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ní ọdún 1957 ni wọ́n yà á, ọdún tí òun parí ilé ìwé, òun sì bá wọn lọ. Bàbá Kékeré, ẹni tó wà lórí bọ́ńpà, ní rárá o, ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fà á títí. Màmá Àgbà ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí, ṣé ìwọ lo máa sọ ìrìn-àjò tí mo lọ fún mi?" Bàbá Kékeré dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, èmi ni mo jókòó sórí bọ́ńpà yẹn."

Iná kékeré kan ló là wọ́n. Lórí mọ́gáàdì iwájú ìjàpá náà, iná tíráfíkétọ̀ kan yọ sókè. Ìjàpá tí wọ́n ń tà ṣáájú ọdún 1960 kò ní in níbẹ̀. Ohun tó ní ni apá kékeré kan tó máa ń yọ síta láti ara òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí yóò tàn, tí yóò sì padà sínú ihò rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti yà tán. Ọdún 1960 ni Volkswagen fi iná tó ń ṣẹ́jú rọ́pò apá yẹn. Àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà ti ní iná bẹ́ẹ̀ láti 1955, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ inú fọ́tò wa wà, nítorí náà kì í ṣe ara ìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè ya fọ́tò ọkọ̀ tí wọn kò tíì ṣe. Bí 1957 ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Màmá Àgbà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé ìrìn-àjò méjì ni." Bàbá Kékeré náà ronú lọ, ó ronú bọ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n! Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ti àkọ́kọ́, mọ́tò ọ̀rẹ́ Bàbá la gbé. Kò sẹ́ni tó mú kámẹ́rà dání." Ohun tí Màmá Àgbà rántí kì í ṣe irọ́ rárá. Ó lọ ìrìn-àjò 1957 lóòótọ́. Nítorí pé ìrìn-àjò yẹn kò ní fọ́tò tirẹ̀, ló ṣe lọ bá ti èyí tó tẹ̀ lé e gbé, títí méjèèjì fi di ọ̀kan lọ́kàn rẹ̀. Ìrìn-àjò odidi kan tí ó ti sọnù sínú òmíràn padà tọ̀ wá wá lọ́jọ́ náà, Màmá Àgbà sì sọ ọ́ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹni tó wakọ̀, ẹni tó sùn lójú ọ̀nà, ibi tí òjò ti ká wọn mọ́.

Ẹ̀rí mọ́tò ní ààlà o. Ó lè sọ fún wa pé fọ́tò kan kò lè ṣáájú ọdún báyìí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìgbà tí kò lè kọjá, torí ọkọ̀ 1960 lè máa rìn títí di 1980. Ti ẹ̀yìn yẹn, ara ènìyàn la ti ń wá a. Ọdún 1964 ni bàbá bàbá mi papò dà, nítorí náà àárín 1960 sí 1964 ni fọ́tò wa wà, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá gan-an ni mo gbà pé ó dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìrísí rẹ̀ kò yí padà láti òkèèrè, àmọ́ bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ọdọọdún ni wọ́n ń tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Bí gíláàsì ẹ̀yìn bá jẹ́ méjì tí irin là láàrin, ọkọ̀ náà ti jáde kí ọdún 1953 tó dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tó rí roboto bí ẹyin, àárín 1953 sí 1957 ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló di fífẹ̀ onígun mẹ́rin. Iná iwájú tó dagun sẹ́yìn lábẹ́ gíláàsì dópin ní 1967. Èyí tó dúró gangan ló tẹ̀ lé e. Kódà ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ní ọdún tirẹ̀: kí ọdún 1961 tó dé, ọ̀pọ̀ ìjàpá kò ní ohun tó ń sọ iye epo tó kù. Bí ọkọ̀ bá ti ń wúkọ́, awakọ̀ yóò fi ẹsẹ̀ yí ọ̀pá kékeré kan nílẹ̀, epo ìpamọ́ díẹ̀ yóò sì máa bọ̀, kí ó lè gbé e dé ilé epo. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ́ kí awakọ̀ sùn, torí bí ẹnì kan bá ti yí i kalẹ̀ tí kò sì dá a padà, epo ìpamọ́ ti di epo lásán.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí kò dára. Abẹ́ ìjọba Hitler ni Ferdinand Porsche ti ṣe é ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì ṣèlérí rẹ̀ fún aráàlú tí kò rí i gbà. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945 ni sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, gbé ilé iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàpà ní Wolfsburg dìde padà. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, ìjàpá kọjá iye tí Ford ṣe nínú ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Model T, iye tó lé ní mílíọ̀nù 15. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n ti ṣe 21,529,464. Mo máa ń ronú sí i pé ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún ìgbéraga ìjọba burúkú kan ló wá di ohun tí àwọn bàbá lásán dúró tì, tí wọ́n sì fọwọ́ lé, nínú fọ́tò ẹbí káàkiri ayé. Àwọn ẹbí náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni í, wọ́n sì tún un bí.

Èmi náà dàgbà bá ìjàpá kan, èyí tí bàbá mi rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, ihò kan wà fún ẹrù, níwájú ẹ́ńjìnnì gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwa kékeré sí. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá ò lo omi, atẹ́gùn ló ń tù ú, nítorí náà ariwo rẹ̀ kò ní ohun tó bò ó mọ́lẹ̀. Ariwo yẹn máa ń wọ inú egungun ẹni, ooru rẹ̀ á máa gun ẹ̀yìn ẹni bọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, gbogbo wa ti sùn. Títí di òní, bí ìjàpá bá kọjá níwájú ilé, ojú mi máa ń wúwo. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun mìíràn: bí àwọn ọkọ̀ mìíràn bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí omi ń hó nínú rédíétọ̀ wọn, òun á rọra kọjá, á sì kí wọn tìfẹ́tìfẹ́.

Lẹ́yìn ìjàpá ni Peugeot 504 dé, èyí gígùn tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Nípa ọkọ̀ yìí, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya ìrísí rẹ̀, ní ọdún 1969 sì ni wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ tó dára jù nílẹ̀ Yúróòpù lọ́dún náà. Àmọ́ kì í ṣe oyè ló mú kí àwọn ẹbí fẹ́ ẹ. Wọ́n ti rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, fojú rí nínú eré ọkọ̀ Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tó ti borí ní 1963, tó tún borí léraléra ní 1966, 1967 àti 1968, lójú ọ̀nà tó ń fọ́ ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́. 504 náà borí níbẹ̀ ní 1975 àti 1978. Ohun tó fà á ni pé spríìngì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, táyà kì í yára kúrò nílẹ̀ bí ọ̀nà bá gbun. Ilẹ̀ Faransé dáwọ́ ṣíṣe 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin dúró ní 1983, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tò ó ní Ajẹntínà títí di 1999, àti ní Nàìjíríà títí wọ àwọn ọdún 2000. Ọkọ̀ díẹ̀ ni àwọn tó ń lò ó kọ̀ láti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tiwa, jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, nítorí náà àyè wà fún ọmọ kan láàrin àwọn méjì tó jókòó síwájú. Ipò iyì ni. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń rí ohun gbogbo kí àwọn ará ẹ̀yìn tó rí i, òun ló sì máa ń kéde afárá. Ìlà kejì jẹ́ ti àwọn àgbà. Ìlà kẹta, níbi tí orí ti máa ń kan òrùlé bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, jẹ́ ti àwa yòókù, ibẹ̀ sì ni ìjọba tiwa wà, níbi tí ohùn màmá mi ò ti tètè dé. Mo rántí òórùn ìjókòó aláwọ tí oòrùn ti jó, òórùn epo, àti òórùn okùn tí wọ́n fi di ẹrù mọ́ orí ọkọ̀. Fọ́tò ò lè pa òórùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí okùn yẹn nínú fọ́tò, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí.

Bàbá mi ló ń ya gbogbo fọ́tò, ó sì ní àṣà kan tí màmá mi ò fẹ́. Á máa rìn sẹ́yìn, á máa rìn sẹ́yìn, títí odidi ọkọ̀ yóò fi wọ inú fọ́tò láti iwájú dé ìrù. Àwa ènìyàn á wá kéré débi pé ojú wa ò hàn. Màmá mi á ní, "Dádì, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ yà ni àbí àwa?" Bàbá mi á dáhùn láti ọ̀nà jíjìn pé, "Gbogbo yín ni! Ṣé ẹ ẹ̀ rí i pé òun ló gbé wa débí?" Nígbà yẹn mo wà lẹ́yìn màmá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Báyìí, bàbá mi ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó sún mọ́ wa ni, ojú wa ni ì bá kún fọ́tò náà, ojú tí mo ṣì lè rí lára àwọn ẹ̀gbọ́n mi lónìí. Ohun tí ó yà ni ohun tí kò sí mọ́: bí ẹrù ṣe ga tó lórí ọkọ̀, táyà ìpamọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí wọ́n lè rí àpò kan fà yọ, àti ọ̀nà erùpẹ̀ tó na gbọọrọ lọ lẹ́yìn wa.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbà pé ọkọ̀ àti ẹbí kì í yàtọ̀ síra lójú ọ̀nà. Ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò rìn, ìrìn-àjò ẹbí ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ní Jámánì, Bertha Benz gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀, Carl, ṣe, láìsọ fún un. Ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, dání, wọ́n sì kúrò ní Mannheim lọ kí ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ilé epo ò tíì sí láyé. Ilé olóògùn kan ní Wiesloch ló ti ra ohun tí ọkọ̀ náà ń mu. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, pín-ìnnì fìlà rẹ̀ ló fi ṣí i, níbi tí òkè bá sì ti ga jù, àwọn ọmọ ló ń tì í. Ìyá, àwọn ọmọ, ìyá àgbà tí wọ́n ń lọ kí, àti ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n tì: mo mọ ìrìn-àjò yẹn dáadáa.

Nínú gbogbo fọ́tò ìgbà èwe wa wọ̀nyí, ẹnì kan ló ṣọ̀wọ́n jù, òun ni bàbá mi, ẹni tó di kámẹ́rà mú. Ẹni tó wà ní gbogbo ìrìn-àjò kò sí nínú èyíkéyìí. Ó pẹ́ tí èyí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo wá fi ẹ̀rọ ya àwọn nẹ́gétíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, wọlé sínú kọ̀ǹpútà, mo sì mú kí wọ́n tóbi dáadáa, nítorí pé nẹ́gétíìfù máa ń pa ohun púpọ̀ mọ́ tí fọ́tò kékeré tí wọ́n tẹ̀ kò fi hàn. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà kún fún irin dídán: bọ́ńpà, irin iná iwájú, ìdérí roboto tó wà láàrin táyà. Nínú ìdérí táyà iwájú ìjàpá wa, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ̀ díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà lójú, aṣọ rẹ̀ funfun. Mo lọ sí fọ́tò mìíràn, mo wo bọ́ńpà 504: ó wà níbẹ̀ náà, ó fẹ̀ nítorí bí irin náà ṣe tẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Mo sunkún lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Àwa tí a dúró síwájú mọ́tò ń wo bàbá mi, mọ́tò náà ń wò ó, mọ́tò ló sì mú un dání.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ wo gbogbo irin tó bá ń dán, ẹ wo gíláàsì, ẹ wo òjìji tó nà sílẹ̀ níwájú àwọn tó dúró.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Àwọn ilé ìfọ̀tò kan máa ń tẹ oṣù àti ọdún sí etí funfun rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Fíìmù lè wà nínú kámẹ́rà láti ìsinmi kan dé èkejì, nítorí pé bàbá ò ní fi ìyókù ṣòfò. Fọ́tò onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tó sì láwọ̀, sábà máa ń wá láti inú Kodak Instamatic tó jáde ní 1963, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kámẹ́rà kan ti ń ṣe onígun mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Ní ti fọ́tò aláwọ̀ àwọn ọdún 1970 tó ti pọ́n lódindi, tí igbó rẹ̀ ti di pupa, kì í ṣe pé ayé ìgbà náà pupa. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é lórí ara wọn, èyí tó ń gbé búlúù àti ewé ró ló sì kọ́kọ́ máa ń kú, kódà nínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Fíìmù Kodachrome, tí Kodak gbé jáde ní 1935, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúró. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 2009, ilé ìfọ̀tò tó gbẹ̀yìn lágbàáyé tó ń fọ̀ ọ́, Dwayne's Photo ní Kansas, sì gba ti ìkẹyìn ní òpin ọdún 2010. Ẹni tó bá ní in nínú ilé, kó má gbé e síta fún oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó yọ fọ́tò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọ̀rá bò, torí gọ́ọ̀mù yẹn ń jẹ fọ́tò díẹ̀díẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn, ẹ má fi bírò.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ìfẹ́ mi sí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bò mọ́lẹ̀. Ní 1959 ni Nils Bohlin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Volvo, ti ṣe bẹ́líìtì tó ń gba èjìká àti ìbàdí, ṣùgbọ́n nínú ihò ẹ̀yìn ìjàpá tí mo sùn sí, kò sí ohun tó dì wá mú rárá. Epo tí òórùn rẹ̀ dùn mọ́ mi yẹn ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn, Àlgéríà, tó dáwọ́ títà á fún mọ́tò dúró. Mo dúpẹ́ pé àwọn ọmọ mi ò fa afẹ́fẹ́ yẹn sínú. Kò ní kí n má fẹ́ràn ìrìn-àjò náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí n túbọ̀ mọ ohun tí àwọn òbí wa ń gbé lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lóru, tí wọ́n ń yíjú wẹ̀yìn wò wá ní gbogbo ìgbà.

Mo ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn ọkọ̀ àtijọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń tún wọn ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síwájú 504 tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti kùn títí tó ń dán yanranyanran, tí ìjókòó rẹ̀ kò ní ibi tó wọ́, ọkàn mi kì í lọ bá a. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń múra. Èyí tí mo máa ń dúró tì ni èyí tí ẹni tó ni í fi ojú àpá rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí okùn ti ha òrùlé, ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti pa ọ̀dà ilẹ̀kùn rẹ́.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ iná mọ́gáàdì yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń bi àwọn àgbà léèrè padà. Bí mo bá gbé fọ́tò síwájú wọn, tí mo ní, "Ta nìyí?", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka, ojú á sì máa tì wọ́n bí orúkọ ò bá wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mọ́tò ta nìyí?", ojú wọn á là. Bàbá Kékeré á sọ ẹni tó ni í, ẹni tó kọ́kọ́ ni í, ohun tó máa ń ṣe é bí òjò bá rọ̀, bí wọ́n ṣe ń tì í kó tó dáhùn. Ibi tó bá ti dé ẹni tó ń tì í, orúkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra wọn, títí kan ti ẹni tó dúró láàrin. Mo ti fi ọ̀nà yìí rí orúkọ àwọn ènìyàn tí a rò pé a ti pàdánù wọn pátápátá.

Ní báyìí, ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ mi: ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni tó yà á, ẹni tó wakọ̀, àti ẹni tó ni ọkọ̀. Àpò nẹ́gétíìfù tó wà lọ́dọ̀ Màmá Àgbà ló kàn. Ó kọ́kọ́ ní kí n wá gbé e, ó tún yí i padà pé kí n má gbé e kúrò nílé òun. Ìyẹn tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù. Màá gbé ẹ̀rọ mi lọ bá a, a ó jọ máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè máa sọ ẹni tó jókòó síwájú fún mi.